Ọ̀bọ Ló Dé Akoto

Ẹjọ́ kan gun alùpùpù dé gbọ̀ngàn àwọn àgbà lánàá. Ọ̀bọ ló jókòó lẹ́yìn, ó dé akoto. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Bagindo Rusli ló wa alùpùpù náà. Ní gbogbo etí òkun Pariaman tiwa yìí, kò sí ẹni tí kò mọ Bagindo àti Kumbang, ọ̀bọ rẹ̀ tó máa ń gun igi lọ já àgbọn fún un. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn ni Nofrizal, géńdé tó ń ṣa àgbọn náà nísàlẹ̀ igi. Wọ́n ti fi aṣọ gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú.

Datuk Tan Basa, olórí wa, ti wà lórí ẹní. Labai Munir, àfáà wa, jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, àwọn àgbà ìdílé jókòó sí òsì. Àwa obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nídìí ìkòkò kọfí. Ẹni tó bá ń bu kọfí fún àgbà, ọ̀rọ̀ kankan kì í fò ó ru.

"Ta ló mú ẹjọ́ wá?" Datuk béèrè.

"Èmi ni, Datuk," Nofrizal dáhùn.

"Sọ ọ́ kó yé wa. Má sunkún, má sì bú ẹnikẹ́ni títí a ó fi mu kọfí tán."

"Datuk, ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Mo wà lábẹ́ igi nínú oko Bagindo, Kumbang wà lókè. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé àgbọn kan tó wà nílẹ̀. Kí n tó nàró tán, òmíràn ti bà mí léjìká. Mo gbọ́ tí eegun dún bí igi gbígbẹ. Baba tó ń to eegun wò ó, ó ní ó ju agbára òun lọ. Ó ní bí wọn ò bá gbé mi dé ilé ìwòsàn ńlá ní Padang kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, eegun náà á jọ ní wíwọ́, ọwọ́ yìí ò sì ní í gbé ohun tó ju ife kọfí lọ mọ́ láyé. Mo wá lọ bá Bagindo."

"Kí ni Bagindo wí?"

"Ó ní kí n lọ bá ọ̀bọ."

Ẹ̀rín sọ nídìí ògiri. Datuk gbé ojú sókè, ẹ̀rín náà sì wọlẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ kí a bá ọ gbà?"

"Kó gbé mi lọ sí Padang kí wọ́n tún ọwọ́ mi ṣe. Kó sì máa bọ́ ìyá mi títí n ó fi lè gbé àgbọn padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tilẹ̀ tíì mẹ́nu ba ti ìyàwó."

"Ìyàwó wo?"

Uni Dahniar ló dáhùn láti ọ̀dọ̀ wa. Òun ló ń ta kọfí lẹ́bàá oko Bagindo, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Nofrizal sì fẹ́ fẹ́.

"Datuk, ẹ jẹ́ kí n gbà á sọ, ojú ń ti ọmọ náà. Lóṣù tó ń bọ̀ ni àwa ará ilé ìyàwó fẹ́ lọ gbé ọkọ wá, bí a ti máa ń ṣe é níbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Alùpùpù tuntun la fi dunàádúrà ọkọ. Àmọ́ ọkọ alápá méjì la dunàádúrà."

"Ọ̀rọ̀ wá dà báyìí?"

"Àwọn arákùnrin mi ti ṣèpàdé lé e lórí. Alùpùpù ti di kẹ̀kẹ́. Bí eegun bá jọ ní wíwọ́, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ náà á di bàtà."

"Lẹ́yìn bàtà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn bàtà, Datuk, wọ́n á ní kí ó jókòó sílé ìyá rẹ̀."

Nofrizal dorí kodò. Datuk yíjú sí Bagindo.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bagindo, fèsì."

Bagindo dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó tún ti ọ̀bọ náà ṣe.

"Mo kí Datuk, mo kí Labai, mo kí gbogbo àgbà. Ọ̀rọ̀ mi kúrú. Èmi kọ́ ni mo ju àgbọn. Kumbang ló jù ú. Òṣìṣẹ́ ni Kumbang, òṣìṣẹ́ ni Nofrizal. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan ṣèèṣì ṣe èkejì léṣe, kí ló kan ọ̀gá níbẹ̀?"

"Láti ìgbà wo ni ọ̀bọ ti di òṣìṣẹ́?" Labai Munir bi í.

"Labai, ẹ wo bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ẹyin méjì lójúmọ́, oyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Jimọ̀. Bí ikọ́ bá ń ṣe é, mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ta lẹ rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹran lásán?"

"O ò jẹ̀bi níbẹ̀," ni Datuk wí. "Nofrizal ńkọ́? Ṣé òun náà ń jẹ ẹyin?"

"Kò béèrè ẹyin rí."

"Jimọ̀ ńkọ́?"

"Jimọ̀ ló máa ń bó èèpo àgbọn, torí pé Kumbang ń sinmi."

"Akoto ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo la ní, Datuk."

"Ó sì wà lórí ọ̀bọ."

"Datuk, ọ̀bọ tó mọṣẹ́ ṣòroó rí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀, ta ni kò lè ṣà?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kumbang fi èékánná họ akoto, ó ń dún kò-kò-kò. Bagindo kó ọwọ́ sápò.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ní ìwé." Ó nà án sí Labai. "Nofrizal fúnra rẹ̀ ló fi ìka tẹ̀ ẹ́."

Labai gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó kà á sókè: "'Èmi Nofrizal gbà pé ohunkóhun tó bá ti òkè bọ̀, lọ́dọ̀ Ọlọ́run ló ti wá, n kò sì ní í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀.'"

"Nofrizal, ìka rẹ nìyí?"

"Ìka mi ni, Datuk. Ó ní ìwé ẹran iléyá ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo òkè rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kà á, ó ní kí n tó kà á tán ẹran á ti tán."

"O rí ẹran náà gbà?"

"Ọ̀rá ni mo rí."

"Ọ̀rá náà ẹran ni," Bagindo wí.

Labai Munir ká ìwé náà sórí orúnkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu Labai, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, kí ẹlẹ́jọ́ wá ibi dì mú.

"Bagindo, òjò ń ti òkè bọ̀. Ti Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tó máa pè é lẹ́jọ́. Àmọ́ bí o bá rí òjò tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí, tí ẹnìkan sì di orí okùn náà mú nísàlẹ̀, ṣé òjò nìyẹn?"

Bagindo tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n ń so okùn mọ́ ọ̀bọ nídìí kó tó gun igi. Ta ló di okùn Kumbang mú lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, Labai. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú. Bí ọ̀bọ bá wá ju àgbọn láìgbàṣẹ, ẹ̀bi ẹni tó tà á fún mi ni. Ọjà bàjẹ́ ni Ajo Sarip tà fún mi. Òun ni kí Nofrizal pè lẹ́jọ́."

Ajo Sarip, tó ń kọ́ ọ̀bọ níṣẹ́, wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà. Kumbang rí olùkọ́ rẹ̀, ó sì jókòó dáadáa.

"Ajo," Datuk wí, "wọ́n ní ọjà rẹ bàjẹ́."

"Datuk, mi ò tíì ta ọ̀bọ tó ń ju àgbọn láìgbàṣẹ rí. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí: bí ọ̀bọ bá ti yí ìdí àgbọn tó kù kó já, á fa okùn lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wo abẹ́ igi. Bí kò bá sí èèyàn níbẹ̀, òun náà á fa okùn padà. Ìgbà yẹn ni àgbọn ń bọ́."

"Bí ẹni ìsàlẹ̀ kò bá wá fa okùn padà?"

"Á dúró. Ọ̀kan wà tí olówó rẹ̀ gbàgbé sórí igi lọ síbi ìgbéyàwó. Ó lọ, ó jẹ, ó dé. Ọ̀bọ ṣì di àgbọn mú."

"Irọ́ ni," Bagindo wí. "Ó tà á fún mi láìsí ìkìlọ̀ kankan."

"Bagindo, mo fi akoto kan sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí o fún ẹni tó bá ń ṣa àgbọn."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀. O ní akoto iṣẹ́ ni, Kumbang ló sì ń ṣiṣẹ́."

"Kí ni yóò já lé ọ̀bọ lórí ní téńté igi àgbọn, Bagindo? Òṣùpá?"

Ẹ̀rín bú. Datuk náà fi ife kọfí bo ẹnu. Nígbà tó gbé ife sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀bọ kì í jù ú bí okùn kò bá fà. Àgbọn bọ́. Nítorí náà okùn fà. Ẹ̀rí ta ni yóò sọ ẹni tó fà á?"

"Mo ní ẹlẹ́rìí," Bagindo wí. "Sidi Kahar, dìde."

Sidi Kahar ni ọ̀rẹ́ Bagindo. Ó tóbi, ó sanra. Bó bá ti jókòó tán, kì í fẹ́ràn kí wọ́n ní kó dìde. Kó tó dìde yìí, èmi fúnra mi ti bu kọfí ife mẹ́ta fún un.

"Datuk, ojú mi ló ṣe. Bagindo di okùn mú bí ẹni tó di ilẹ̀kùn ọ̀run mú."

"Níbo nìwọ wà tí o ti rí i?"

"Mọ́sálásí, Datuk. Mò ń kírun."

"Láti mọ́sálásí, o rí inú oko?"

"Rárá, Bagindo náà wà ní mọ́sálásí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ti kírun."

"Ó di okùn mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní mọ́sálásí."

Kahar wo Bagindo. Bagindo ń wo òrùlé.

"Okùn náà gùn, Datuk."

"Ìrun wo lẹ ń kí?"

"Ìrun ọ̀sán."

"Nofrizal, ìgbà wo ni àgbọn bà ọ́?"

"Àárọ̀, Datuk. Ìrì ò tíì gbẹ."

"Sidi Kahar?"

"Ìrun ọ̀sán àná rẹ̀ ni, Datuk. Mò ń san án padà ni."

"Jókòó," Labai wí, "kí o tó san ti ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn."

Uni Dahniar ti gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. "Datuk, ẹ má jẹ́ kí a fi ilé Ọlọ́run purọ́. Ìsọ̀ mi ni àwọn méjèèjì wà. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó lé, Bagindo lápá kan, Kahar lápá kejì."

"Okùn ńkọ́?"

"Bagindo so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, lápá ọ̀dọ̀ Kahar. Ó ní ọwọ́ òun dí. Pákí dídín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ta ló wá fa okùn?"

"Bẹ́ǹṣì ni, Datuk. Kahar dìde láti lọ tọ̀. Bó ti kúrò, apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbéra sókè, Bagindo sì ń yọ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lú pákí lọ́wọ́. Kó tó di pé ó dìde, a gbọ́ igbe Nofrizal."

"Ìwọ náà rò ó wò, Uni," Bagindo wí kíá. "Bẹ́ǹṣì tí èèyàn kan dìde lórí rẹ̀ tó sì gbé èèyàn kejì ṣánlẹ̀, ṣé bẹ́ǹṣì nìyẹn? Datuk, ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi. Bẹ́ǹṣì tó léwu ni Uni Dahniar gbé kalẹ̀ fáwọn oníbàárà. Òun àti káfíńtà tó kàn án ni kí Nofrizal pè."

"Bẹ́ǹṣì mi wà fún ìdí, Bagindo. Kò sí níbẹ̀ fún ọ̀bọ. Mo ti mọ̀ pé wọ́n á pè mí lópùrọ́, mo gbé e wá. Ó wà níta."

Datuk pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Bagindo, ẹni tó bá loko ló ni ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ nínú oko. Sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Datuk, ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ilé, ti ìyàwó. Ilẹ̀, ti ìyàwó. Ọkọ nínú ilé ìyàwó, eérú orí kùkùté ni: atẹ́gùn fẹ́, ó ti lọ. Èmi kò ní oko kankan. Oko Asnimar ni."

Asnimar, ìyàwó rẹ̀, ń rọ kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rọ ọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Yanti, ìgbà tí àgbọn ń bọ́ sínú agbọ̀n, ìwọ lo loko. Ó bọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ léjìká, èmi ni mo wá loko. Ó dára. Bó bá jẹ́ eérú ni ẹ́, atẹ́gùn á fẹ́ lónìí. Bí o bá dé ilé, wàá bá àpótí aṣọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Bagindo yíjú sí Datuk kíá. "Datuk, mo lọ́wọ́ nínú oko náà díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe tó?"

Ó wo Asnimar. "Ó pọ̀ díẹ̀."

Datuk bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e jáde. Igi àgbọn kan wà níwájú gbọ̀ngàn, ó ga, orí rẹ̀ kún fọ́fọ́.

"A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tó," ni Datuk wí. "Ojú ni a fẹ́ fi rí i báyìí. Ajo Sarip, jẹ́ kí Kumbang gun igi. Ẹ so okùn mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì bó ti wà lọ́jọ́ náà. Sidi Kahar, jókòó sí apá tìrẹ. Nofrizal, apá tí Bagindo jókòó sí, ìwọ lọ jókòó síbẹ̀."

"Èmi ńkọ́, Datuk?" Bagindo béèrè.

"Ìwọ lọ sábẹ́ igi. Bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé àgbọn."

Bagindo rọra lọ. Kumbang ti gùn ún dé òkè, akoto pupa rẹ̀ ń dán láàárín ewé. A gbọ́ tó ń yí àgbọn. Okùn fà lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ǹṣì mì. Ọ̀bọ náà dúró. Ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ń retí.

"Kahar," Bagindo wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "jọ̀ọ́, má dìde."

"Kí ló dé tí kò fi ní í dìde?" Datuk béèrè. "Ohun tó bá ti òkè bọ̀, lọ́dọ̀ Ọlọ́run ló ti wá."

"Datuk, ẹ jẹ́ kí n dé akoto ná."

"Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Ọ̀bọ tó mọṣẹ́ sì ṣòroó rí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ta ni kò lè bẹ̀rẹ̀?"

"Datuk," Kahar wí láti orí bẹ́ǹṣì, "ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Dì í mú. Mo fẹ́ dájọ́."

Bagindo fẹ́ yọ ẹsẹ̀ kan kúrò lábẹ́ igi. Labai tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ náà padà.

"Bagindo Rusli, o ní òṣìṣẹ́ ni ọ̀bọ. A gbà fún ọ. O ní òṣìṣẹ́ ni Nofrizal. A gbà fún ọ. Òṣìṣẹ́ méjì tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan, ìtọ́jú kan náà ló tọ́ sí wọn. Láti òní lọ, bí o ti ń ṣe ọ̀bọ ni kí o máa ṣe ọmọ ènìyàn."

"Mo gbà, Datuk."

"N kò tíì parí. Ẹyin méjì lójúmọ́, oyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Mo gbà."

"Ìsinmi lọ́jọ́ Jimọ̀."

"Mo gbà. Kahar, fìdí mọ́lẹ̀."

"Bí ikọ́ bá ń ṣe ọ̀bọ, o ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Eegun sì ju ikọ́ lọ. Lónìí, bí a bá ti tú ká, Nofrizal ni yóò jókòó lẹ́yìn alùpùpù rẹ lọ sí Padang. Òun ni yóò dé akoto. Wàá rọra wà á, o ò sì ní í kúrò nílé ìwòsàn títí wọ́n á fi to eegun náà tán."

"Kumbang ńkọ́, Datuk?"

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Kó rìn."

Asnimar gbé ohùn sókè lẹ́yìn wa. "Ti ìyá Nofrizal, èmi ni n ó máa gbé oúnjẹ lọ, láti inú oko mi. Ṣebí èmi ni mo loko."

"A gbọ́," Datuk wí. "Ó ku iṣẹ́. Títí apá yìí yóò fi san, Bagindo ni yóò máa ṣa àgbọn lábẹ́ igi. Nofrizal á jókòó, á máa fi ọwọ́ òsì di okùn mú. Nofrizal, ọwọ́ òsì rẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Datuk." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí eyín rẹ̀.

"Akoto ńkọ́?" Bagindo béèrè láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí. "Datuk, mo bẹ yín. Bí akoto bá di ti Nofrizal, kí ni n ó máa dé sórí?"

Datuk na ọwọ́. Labai fi ìwé ẹran iléyá náà lé e lọ́wọ́.

"Ìwé yìí ni. Ká a bíi fìlà, kí o máa dé e lójoojúmọ́. O ní ó lágbára láti bo ọ̀gá lọ́wọ́ ẹjọ́. Kó fi agbára yẹn bo orí rẹ lọ́wọ́ àgbọn."

Kí a tó rẹ́rìn-ín tán, Sidi Kahar ti fò dìde, ó di ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Apá bẹ́ǹṣì gbéra sókè. Bagindo kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, kò rántí àtisá.

Nofrizal ti na ọwọ́ òsì. Ó gbá okùn náà mú kó tó le tán, ó sì jẹ́ kó dẹ̀. Ó wo abẹ́ igi. Ó rí i pé èèyàn wà níbẹ̀. Kò fà á.

Lókè, Kumbang ṣì di àgbọn rẹ̀ mú, ó ń dúró.

Datuk wò wọ́n títí. "Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, Bagindo," ni ó wí. "Kí a wò kí a tó fà á ni. Ọ̀bọ mọ̀ ọ́n, alápá kan mọ̀ ọ́n. Jáde kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí alùpùpù gbéra lọ sí Padang, Bagindo ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Akoto pupa náà fún Nofrizal mọ́rí díẹ̀. Uni Dahniar wò wọ́n lọ, ó ní òun á bá àwọn arákùnrin òun ṣe ìpàdé mìíràn, pé kẹ̀kẹ́ kan wà tó ń hu ẹ́ńjìnnì.

Mo rò pé ó ti parí. Láàárọ̀ yìí, mo ń gbálẹ̀ níwájú ilé Datuk, mo rí ọkùnrin mẹ́jọ tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún òróró àgbọn. Ọ̀kan kò ní ìka méjì, awọ apá òmíràn ti bó. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún Datuk pé wọ́n bá wá.

Àgbà wọn ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, bá wa sọ fún un pé a ti gbọ́ ìdájọ́ àná," ó ní. "A fẹ́ kó bá wa bẹ ọ̀gá tiwa. Àwa náà fẹ́ di ọ̀bọ."